Re: QC láàbù: "ìdárí ìdárà" kẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pe QC (quality control, bí wọ́n ṣe ń rí i dájú pé èsì àyẹ̀wò péye) àwọn láàbù tó ń yẹ fáírọ́ọ̀sì wò ní "ìdárí ìdárà", ẹ má bínú o, àmì ohùn yín ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ìdarí lẹ ní lọ́kàn, ẹ wá lọ gbé ohùn òkè lé "da", ṣé wọ́n ń dárí ji ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́ níbẹ̀ ni? Ìdárà ńkọ́? Agbo ijó la ti ń dárà, láàbù tó bá ń fi èsì HIV dárà, èmi ò ní na apá mi sí wọn. Bàbá tó kọ́ wa ní Yorùbá ní sẹ́kọ́ńdìrì, tó o bá ṣi àmì fi, á ní kó o dìde kọ ọ́ lórin, dò rè mí, bó o ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, gbogbo kíláàsì á máa rẹ́rìn-ín. Irú wọn ti tán nílẹ̀.

Ká tiẹ̀ ní ẹ fàmì sí i dáadáa, "control" tí wọ́n ń wí ní láàbù kì í darí nǹkan kan. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe PCR, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń wá àbùdá fáírọ́ọ̀sì, wọ́n á ki sáńpù kan tí wọ́n mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì wà nínú ẹ̀ àti ọ̀kan tí ò ní nǹkan kan mọ́ tàwọn aláìsàn, gbogbo ẹ̀ á jọ wọ ẹ̀rọ. Méjì àkọ́kọ́ yẹn ni control. Tí èyí tí ò ní nǹkan kan bá lọ jáde ní pọ́sítíìfù, ẹ da èsì yẹn nù. Ohun tójú CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, rí ní February 2020 nìyẹn, kit kòrónà tí wọ́n kó ránṣẹ́ sáwọn ìpínlẹ̀, apá tí wọ́n ń pè ní N3 ń rí fáírọ́ọ̀sì nínú omi lásán! Ta ló tú àṣírí? Omi yẹn náà ni. Ẹ̀rí ló jẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ "ẹlẹ́rìí" fún control. Àwọn èèyàn wa ní Kétu àti Pọ̀bẹ̀ lórílẹ̀-èdè Benin tó ń fi Faransé ṣiṣẹ́, "témoin" ni wọ́n ń pè é, kí ni témoin bí ò ṣe ẹlẹ́rìí? Ẹ má sì sọ pé èèyàn nìkan ló ń jẹ́ ẹlẹ́rìí, "oní-" tó bí ẹlẹ́rìí ò mọ̀ yẹn, ṣé èèyàn ni alágbèéká tẹ́ ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ ni? Ẹ ní ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń kọ́ni ní gírámà, mo gbà, àmọ́ láàbù lèmi ti ń jẹun.

Ẹni tó tún ń fa "kòkòrò àìfojúrí" bọ̀ fún fáírọ́ọ̀sì, èyí tó ń fa ikọ́ ife náà ò ṣeé fojú rí, kì í sì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Tíyẹn bá ń bí yín nínú, ẹ ṣí thread míì.