Ṣé òfin de ẹni tó ń ta gáàsì tí kò pé òṣùwọ̀n?

Ará Lágere: Ẹ kú ilé o. Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, láti Lágere dé Sábó, ẹjọ́ kan náà ni: sílíńdà kílò 12.5 tí wọ́n ní ó kún kì í pẹ́ tán. Béèyàn bá padà lọ, wọ́n á nàka sí ara rìsíìtì: "Ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà." Ṣé òfin wà fún èyí, àbí ká ṣì máa bẹ àwọn aṣòfin?

Olóṣùwọ̀n: Kí ẹ tó dé ìdí òfin, ẹ wo ọrùn sílíńdà yín. Wọ́n tẹ TW mọ́ irin rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kan; ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ 13.2, tẹ́ ẹ ra 12.5, òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ ka 25.7. Bó bá ka 24.9, kílò 11.7 péré ló wà nínú rẹ̀. Bí gáàsì bá ṣẹ́ kù, ẹ kà á kí wọ́n tó rọ ọ́, kẹ́ ẹ tún kà á lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ wá yọ ti àkọ́kọ́ kúrò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú họ́ọ̀sì kúrò lórí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kà á o, torí ó máa ń tẹ òṣùwọ̀n mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń jìyà.

Amòfin Òde: Òfin ti wà: FCCPA 2018, òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo òǹrajà, tó rọ́pò òfin CPC (àjọ tó ń dáàbò bo òǹrajà tẹ́lẹ̀) ti 1992. Abala 115 ní kí iye owó hàn kedere, kí wọ́n má sì gbà jù bẹ́ẹ̀. Abala 122 fún òǹrajà láyè láti dá ọjà padà, kó sì gba owó rẹ̀, bí ohun tí wọ́n gbé fún un láìjẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò kò bá bá àpèjúwe mu. Ohun tí wọ́n kọ sára rìsíìtì kò lè pa ìyẹn rẹ́. Ẹ ya fọ́tò ojú òṣùwọ̀n, ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí olùtajà, kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń mú òfin yìí ṣẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ìyẹn dáa fún ẹni tó ní rìsíìtì. Ta ló ń já rìsíìtì fún kóńgò gààrí ní Iléṣà? Wọ́n á fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú, wọ́n á wá bu gààrí gègèrè lé e lórí. Èènì tẹ́ ẹ rí yẹn, láti ìdí ni wọ́n ti yọ ọ́. Ohun tá a ń fẹ́ lọ́jà wa nìyí: kóńgò kan náà tí ìjọba lu òǹtẹ̀ mọ́, àti òṣùwọ̀n kan lẹ́nu ọ̀nà ọjà tẹ́nikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ará Lágere: Rìsíìtì tí wọ́n kọ owó nìkan sí ńkọ́?

Amòfin Òde: Ẹ ní kí wọ́n kọ iye kílò sí i kẹ́ ẹ tó sanwó.