Igbó Ọ̀ṣun, ọyẹ́ oṣù Ṣẹẹrẹ, àti kẹ́ẹ̀gì màmá mi

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo ti ka ìtàn ìrìn àjò àwọn tó lọ sí ìṣàn omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti ti àwọn tó gun Òkè Ìdàńrè. Tèmi kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀: Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni, ìlú ìyá mi. Láti oṣù Ṣẹẹrẹ ni ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́kàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n bí màmá mi sí. Èmi náà gbé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà níbẹ̀ títí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, kí a tó kó lọ sí Ìbàdàn. Síbẹ̀, n kò wọ Igbó Ọ̀ṣun rí. A máa ń gbọ́ ìlù ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Ògún, a máa ń rí èrò tó ń wọ́ tẹ̀ lé Arugbá bí ó ṣe ru igbá lọ sódò, ṣùgbọ́n ilé kéú la ń lọ, wọ́n sì ti sọ fún wa pé ọmọ tó bá dá wọ igbó yẹn, ìwin á kó o lọ. Mo dàgbà, mo lọ́kọ, mo bímọ méjì, ẹ̀rù yẹn kò kúrò níbi tó wà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló tú u. Wọ́n kọ́ wọn nílé ìwé pé UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ orúkọ Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Ó délé, ó ní, "Mọ́mì, ṣebí ìlú yín nìyẹn? Kí lẹ rí níbẹ̀?" N kò rí èsì kankan fún un.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé màmá mi ní àwọn á bá wa lọ. Alhaja ni wọ́n, wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà, wọn kì í fi ìrun wákàtí márààrún ṣeré. Mo ní, "Màmá, ṣé ó dá yín lójú?" Wọ́n ní, "Kí n tó mọ Mẹ́kà ni mo ti mọ Ọ̀ṣun. Omi tó tọ́ mi dàgbà ni mo fẹ́ lọ kí. N ò ní kúnlẹ̀ fún nǹkan kan níbẹ̀." Lárààárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, mo rí i tí wọ́n ki kẹ́ẹ̀gì kékeré kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ta òróró, bọ inú báàgì wọn. N kò béèrè.

Agogo mẹ́fà ààbọ̀ la kúrò ní Ìbàdàn, a gba Ìwó, a sì dé Òṣogbo kí oòrùn tó le. Ọyẹ́ ń jà lọ́jọ́ náà débi pé ètè àwọn ọmọ ti là, eruku sì bo gbogbo orí páànù. A wọ máàrúwá dé ẹnu ọ̀nà igbó, a gba tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì yan ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí yóò mú wa káàkiri.

Ó kí màmá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ìyá wa, ẹ rọra máa gbẹ́sẹ̀ o, gbòǹgbò pọ̀ lójú ọ̀nà."

Màmá mi rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, èmi ló yẹ kí n máa fi gbòǹgbò hàn ẹ́."

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí a wọlé tí n kò gbúròó ọ̀kadà mọ́. Eruku tí a fi sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri kò sí níbẹ̀. Ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ìtàkùn rọ̀ wálẹ̀ látorí igi, oòrùn sì ń jò gba àárín ewé wọlé díẹ̀díẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin dúró ti gbòǹgbò àràbà kan, gbòǹgbò náà ga jù ú lọ. Gbogbo igbó náà kò ju hẹ́kítà 75 lọ, ilé sì ti yí i ká, ṣùgbọ́n tí o bá wà nínú rẹ̀, o lè rò pé igbó kan náà ló lọ títí dé Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Èèwọ̀ ló dá a sí. A kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja, a kì í gé igi. Ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ló ní irú igbó yìí létí ìlú nígbà kan rí. Wọ́n ti fi dáko, wọ́n ti fi kọ́lé.

Ti Òṣogbo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1950 tí Susanne Wenger dé Nàìjíríà, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àwọn ojúbọ ti ń wó, àwọn kan sì ti ń gé igi igbó náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn aráàlú tún ojúbọ ṣe, kò sì fi ìlú náà sílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní Òṣogbo ní 2009, ẹni ọdún 93. Ní 1965 ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo igbó. Ohun tó ń dùn mí ni pé Àdùnní nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dárúkọ. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà, ló fi sìmẹ́ǹtì mọ púpọ̀ nínú àwọn ère àti ògiri yẹn. Kàsálí Àkàngbé gbẹ́ òpó igi. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbẹ́ òkúta. Ọmọ Yorùbá tó fi ọwọ́ ara wọn ṣe é ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí a máa dárúkọ wọn fáwọn ọmọ wa.

Ojúbọ ibẹ̀ tó 40, n kò ní kà wọ́n tán. Ìlédì Ontótó, ilé àwọn Ògbóni, ni n kò lè gbàgbé: òrùlé rẹ̀ dìde gagaga bí alángbá ńlá tó gbé ẹnu sókè, òpó inú rẹ̀ kún fún ojú àti ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìyá Mọ̀ọ́pó, ìyá àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́: amọ̀kòkò, aláró, gbogbo wọn. Ère ńlá ni, ó na ọwọ́ jáde nínú igi bí ẹni tó ń pe èèyàn. Iwájú rẹ̀ ni màmá mi dúró pẹ́ sí jù. Aláró ni ìyá àgbà mi. Mo rántí àtàǹpàkò wọn tó dúdú fún aró tí kò ṣeé fọ̀. Màmá kò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wo àwọn ọwọ́ náà.

Àwọn ọ̀bọ kò jẹ́ kí a ronú pẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin mú ẹ̀pà tó wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́. Ẹni tó ń mú wa lọ ti kìlọ̀ pé ká má yọ oúnjẹ síta, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà kì í gbọ́ irú ìkìlọ̀ yẹn. Ọ̀bọ kan já wálẹ̀, ó gba ọ̀rá náà bí ẹni gba ẹrù rẹ̀, ó gun orí ògiri lọ jẹ ẹ́. Ọmọ bú sẹ́kún. Dàbínù inú báàgì màmá ló pa á lẹ́nu mọ́. Tí ẹ bá máa kó ọmọdé lọ, ẹ fún wọn lóúnjẹ kí ẹ tó wọlé.

Lẹ́yìn náà la sọ̀kalẹ̀ sódò.

Màmá ló sọ ìtàn náà fáwọn ọmọ bí a ṣe ń lọ, wọn kò jẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀dá omi lé Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, kúrò ní Ìpólé, wọ́n ń wá omi kiri títí wọ́n fi dé etí Ọ̀ṣun. Ibi tí wọ́n ti ń ṣán igbó láti tẹ̀dó, igi kan wó lu omi. Ohùn kan ké látinú odò: "Oṣó igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi!" Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Òṣogbo ti wá. Láròóyè tó di ọba ibẹ̀ tẹ́wọ́, ẹja Ọ̀ṣun sì bọ́ sí i lọ́wọ́, ni wọ́n fi ń pe ọba ìlú ní Àtáọ́ja. Ọmọ mi obìnrin ní, "Ṣé aró yẹn ṣì wà nínú omi?" Màmá ní, "Jẹ́ ká lọ wò ó."

Omi náà pọ́n bí omi amọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé òjò ni. Mo mọ̀ pé Ọ̀ṣun máa ń pọ́n nígbà òjò, gbogbo ọmọ Òṣogbo ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ oṣù Ṣẹẹrẹ ni a lọ, òjò ti dá, àkókò tó yẹ kí omi tòrò kí ẹ sì máa wo yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Màmá mi bọ́ bàtà, wọ́n rọra sọ̀kalẹ̀, wọ́n bu omi sí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n wò ó títí ó fi jò tán láàárín ìka wọn. Ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kù sí ọwọ́. Wọ́n ní, "Èyí kọ́ ni mo mọ̀." Wọ́n tún un sọ, ohùn wọn sì ti yí padà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣàlàyé, ojú ń tì í bí ẹni pé òun ló ṣe é. Ìgẹ̀dẹ̀-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti sun, ó sì ń gba omi àwọn odò tó ń wá láti apá Ìjẹ̀ṣà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wúrà wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ń gbẹ́ etí odò, wọ́n ń fọ erùpẹ̀ rẹ̀ sínú omi, ẹrẹ̀ náà sì ń bá ìṣàn wá. Ó ti lé lọ́dún mélòó kan báyìí. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fáwọn èrò pé kí wọ́n má mu omi náà. Kì í ṣe ẹrẹ̀ nìkan ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn tó ń fọ wúrà lọ́nà yìí sábà máa ń lo mákúrì, májèlé ni, mákúrì tó bá sì wọ inú ẹja, ó máa ń pẹ́ níbẹ̀ ni. Ẹja Ọ̀ṣun, tí ẹnikẹ́ni kì í fi ìwọ̀ kàn nínú igbó yìí!

Mo jókòó sórí òkúta, inú bí mi gan-an. Èèwọ̀ tó pa gbogbo igi yẹn mọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ tó fi lè rìn dé ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà. Àwa tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì wọlé, àwa tó ń ya fọ́tò lẹ́bàá ère, ó yẹ ká máa pariwo ọ̀rọ̀ omi yìí ju fọ́tò lọ. Obìnrin kan tó wọ funfun wà létí odò lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀, ó ń bá omi sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nígbà tó dìde, ó rí màmá mi, ó sì rí ọwọ́ wọn tó lẹ́rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá." Màmá mi, pẹ̀lú ìborùn Alhaja lọ́rùn wọn, dáhùn pé, "Gbogbo wa ni, ọmọ mi."

Ìyókù ọjọ́ náà kò gùn. A wo ilé Àdùnní ní òpópónà Ìbòkun, ilé olókè tí wọ́n kọ́ bíi ti àwọn Àgùdà. A jẹ iyán, a ra àdìrẹ ní Ọjà Ọba, a yà kí àwọn mọ̀lẹ́bí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ilẹ̀ sì ti ṣú ká tó padà dé Ìbàdàn.

Ìgbà tí a ń kó ẹrù sílẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì yẹn já bọ́ látinú báàgì, ó gbẹ fúrúfúrú. Mo ní, "Màmá, ṣé kí n rọ omi kànga sí i?" Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n dé ìdérí rẹ̀ pa, wọ́n gbé e sórí fèrèsé ilé ìdáná. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ rọ nǹkan mìíràn sí i.