Káàdì tó ń gbé fídíò 4K láìfà: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ ń ya fídíò ní Ìlọrin àti agbègbè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ káàdì gíráfíìkì (GPU, èyí tó ń bá kọ̀ǹpútà gbé àwòrán àti fídíò) yìí ń dùn mí, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí á tu owó jọ, wọ́n á kó o fún ẹni tó ń to kọ̀ǹpútà, fídíò ò sì ní yéé fà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Yìgì àti wolimat ni mo máa ń yà jù, Sony a7 IV ni mò ń lò, 4K, H.265 (ọ̀nà tí kámẹ́rà fi ń fún fídíò pọ̀ kó má gba àyè), 10-bit 4:2:2 (ìyẹn ni pé àwọ̀ tó pọ̀ ló ń tọ́jú), torí tí ìyàwó bá wọ léèsì funfun tí oòrùn ọ̀sán wá tàn sí i, àwọ̀ ẹ̀ ṣì ṣeé tún ṣe dáadáa lẹ́yìn. Mo kó o sínú Premiere tí mo fi ń gé fídíò, lórí kọ̀ǹpútà tó ní káàdì RTX 3060, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já, àáfà á ti ṣàdúà tán kí ẹnu ẹ̀ tó mira lójú iṣẹ́. Mo ṣí Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe hàn. Processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ti lọ sí 100%, mo wá wo ọ̀dọ̀ GPU níbi tí wọ́n kọ Video Decode sí, ìyẹn iṣẹ́ títú fídíò tí wọ́n fún pọ̀, òdo! Ìlà yẹn kàn sùn gbalaja sílẹ̀ ni, káàdì tá a kówó lé ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ̀ nípa ẹ̀ ló là mí lójú pé 4:2:2 yẹn ni, kò sí GeForce kankan, ìyẹn káàdì NVIDIA bíi tèmi, tó lè tú u fúnra ẹ̀ títí RTX 50 fi jáde ní 2025. Processor Intel ló ti ń tú H.265 4:2:2 láti 11th gen (ìran kọkànlá), gíráfíìkì kékeré tó wà nínú processor ló ń ṣe é. Àmọ́ o, tí F bá ti wà lẹ́yìn nọ́ńbà ẹ̀, bíi 12400F, gíráfíìkì yẹn ò sí ńbẹ̀, F yìí náà ló sì dínwó tí wọ́n fi ń to kọ̀ǹpútà fún wa. A yọ F tó wà nínú tèmi, a fi 12400 sí i, a wọ BIOS, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀, lọ tan gíráfíìkì ẹ̀. Fídíò kan náà, káàdì kan náà, ó ń lọ geere.

Torí náà ẹ mọ irú fáìlì tí kámẹ́rà yín ń gbé jáde kẹ́ ẹ tó jáde lọ ra káàdì. Ó yá, ta ló kàn?

* * *

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Òmù-Àrán lèmi wà, fídíò ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń ṣe, DaVinci Resolve ni mo fi ń gé e. Tèmi ò kan 4:2:2, memory inú káàdì ló pa mí. Káàdì mi jẹ́ 4GB, tí mo bá ń gé fídíò lásán kò sí wàhálà, àmọ́ tí mo bá ti ń to àwọ̀ lé àwọ̀ tí mo tún fi Fusion inú Resolve kọ orúkọ sí i báyìí, ó ti kọ ọ́ síta pé GPU memory ti kún nìyẹn. Mo wá sí Ìlọrin wá pààrọ̀ ẹ̀, ọ̀gá tó ń tà á ń ti RTX 4060 sí mi lọ́wọ́ pé òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, 2023. Òótọ́ ni, àmọ́ 8GB ni, 3060 tó jáde ní 2021 sì ní 12GB, òun ni mo mú, kò tíì kọ ìkọkúkọ yẹn sí mi látìgbà náà. Ẹ ka ara páálí ẹ̀ dáadáa ṣá, 3060 oní-8GB náà wà lọ́jà. Ibi tí 4060 ti dáa jù ú lọ ni iná, 115W ló ń jẹ, 170W ni ti 3060, ẹni tó ń fi inverter ṣiṣẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Tí mo bá fẹ́ render, ìyẹn kí n gbé fídíò tó parí jáde, àfi kí NEPA mú iná wá tàbí kí n tan jẹnẹrétọ̀.

* * *

Tanke nìyí o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, tó bá jẹ́ tokunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ gbé GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà gan-an, sórí flash dání. Wọ́n ta GTX 1050 Ti fún àbúrò mi, orúkọ yẹn náà sì ni Windows ń pè é. A ṣí GPU-Z, ó kọ FAKE gàdàgbà síwájú ẹ̀! Káàdì àtijọ́ ni wọ́n yí BIOS inú ẹ̀ padà kó lè máa jẹ́ orúkọ ẹlòmíì. Ẹ tún wo ẹ̀yìn ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ihò VGA aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n ń ki wáyà monitor àtijọ́ bọ̀, lára 1050 Ti, ẹ fura, NVIDIA ti yọ VGA kúrò nínú ìran káàdì yẹn. Inú ṣì ń bí mi.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí kò rówó káàdì rárá ńkọ́? Mo ní iṣẹ́ ìyàwó kan ní Ọ̀fà, 4K ni wọ́n fẹ́.

* * *

Àbúrò, ṣe proxy, ìyẹn ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́. Jẹ́ kí Premiere bá ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di 1080p ProRes Proxy, gbé e sílẹ̀ mọ́jú tíná bá wà, ìyẹn ni wàá fi gé e, tó o bá wá fẹ́ gbé e jáde, 4K gangan ló máa lò. Ó máa ń gba àyè, wá hard disk kan tó ṣófo. Tó o bá há síbì kan, kọ ọ́ síbí.