Ẹ má fi tíì dènà oúnjẹ lẹ́nu ọmọ kékeré: ohun tí ojú wa rí

Ìyá ọlọ́mọ méjì

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Tíì gidi ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n fi ewé ṣe, yálà tíì pupa tàbí aláwọ̀ ewé, yálà ẹ da mílíìkì sí i tàbí ẹ mu ún bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé omi gbígbóná lásán ni, pé bí ọmọ ọdún méjì bá tọ́ díẹ̀ wò nínú ti àgbà, kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tí mo rí lára ọmọ mi obìnrin ni mi ò fi lè dákẹ́.

Ìyá ọkọ mi ló ń bá mi tọ́jú rẹ̀ nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ṣeré rárá. Àwọn fúnra wọn sì fẹ́ràn tíì: àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, ife tíì kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ oúnjẹ wọn. Ọmọ tó bá ń jókòó ti àgbà, ohun tí àgbà bá ń mu lòun náà á fẹ́ mu. Màmá á bu díẹ̀ sínú ife oníke rẹ̀, wọ́n á da mílíìkì lé e, wọ́n á fi ṣúgà sí i, wọ́n á máa fẹ́ ẹ títí á fi lọ́ wọ́ọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé e fún un. Ìfẹ́ ló fà á. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kà á mọ ìyẹn dájú, nítorí mo ti rí àwọn tó sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí di ìjà láàárín ìyàwó àti ìyá ọkọ.

Oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ kíyè sí. Ọmọ tó máa ń jẹ ẹ̀wà àti ẹyin rẹ̀ tán bẹ̀rẹ̀ sí í ta oúnjẹ nù. Á fi ṣíbí rò ó káàkiri inú abọ́, á gbé ife, á mu tíì, ó yó nìyẹn. Ikùn ọmọ ọdún méjì ò tóbi. Bí tíì oníṣúgà bá ti kún un, ibo ni ẹ̀wà fẹ́ gbà wọlé? Lẹ́yìn náà ni àárẹ̀ dé. Ó máa ń ní kí n gbé òun nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré kiri. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ wò lójú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà: inú rẹ̀ tó yẹ kó pọ́n ti funfun. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bákan náà ni. Ìgbà tí mo wá ká a mọ́ ibi tó ti ń bu yẹ̀pẹ̀ jẹ, ojú ẹsẹ̀ ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ ò tó lára rẹ̀, èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ló sì dín kù. Dókítà ní kí n ka gbogbo ohun tí ọmọ ń jẹ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mo kà á fún wọn. Wọ́n wá bi mí pé, "Kí ló fi ń sin oúnjẹ náà?" Mo ní tíì. Wọ́n gbé kálámù wọn sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi.

Ohun kan wà nínú ewé tíì tí wọ́n ń pè ní tánìnì. Òun ni kì í jẹ́ kí tíì tó bá pẹ́ jù nínú omi ṣeé mu, tó máa ń korò, tó sì máa ń fún ahọ́n pọ̀. Bí tánìnì bá bá èròjà irin inú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tàbí ọkà pàdé nínú ikùn, ńṣe ló máa ń so mọ́ ọn, ìfun ò sì ní lè gbà á wọlé bó ṣe yẹ. Irin inú ẹran àti ẹja kì í fara gbá a tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọmọ kékeré mélòó ló ń jẹ ẹran tó pọ̀ lójúmọ́? Ẹ tún rò ó wò: irin tí ọmọ gbé wáyé láti inú ìyá rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ kù mọ́ tó bá ti tó nǹkan bí ọmọ oṣù 6. Láti ìgbà yẹn lọ, oúnjẹ ló gbọ́dọ̀ máa fún un ní irin, ìgbà yẹn gan-an sì ni ara àti ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà kíákíá. Tíì tí kò ṣe àgbà ní nǹkan kan lè ba nǹkan jẹ́ fún ọmọ ọwọ́. Ní ọdún 1985, àwọn olùwádìí kan ní Ísírẹ́lì gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń mu tíì, wọ́n sì rí i pé àìtó ẹ̀jẹ̀ pọ̀ láàárín wọn fíìfíì ju ti àwọn tí kì í mu ún lọ.

Mo bi dókítà pé ṣé mílíìkì tí Màmá ń dà sí i ò ní pa agbára tánìnì náà. Wọ́n ní kò yanjú ẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù inú mílíìkì pàápàá máa ń dí irin lọ́wọ́. Tíì tí wọ́n ti yọ kaféènì, ohun inú tíì tó máa ń lé oorun lọ, kúrò nínú rẹ̀ ńkọ́? Tánìnì ṣì wà níbẹ̀.

Bí mo ṣe máa sọ fún Màmá ló wá kù. Èmi àti ọkọ mi la jọ kúnlẹ̀ sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, dókítà ní tíì ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ ṣiṣẹ́ lára ọmọ." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣebí tíì yìí náà ni mo fi tọ́ ọkọ rẹ?" Mi ò jiyàn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá wa lọ nígbà tí dókítà tún fẹ́ rí ọmọ. Wọ́n lọ, wọ́n gbọ́ ọ létí ara wọn, dókítà náà sì fọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, kò bá wọn wí. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Màmá ní, "Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ló ń lé lọ, kò tún ní kan ẹnu rẹ̀ mọ́." Wọn ò sì yẹhùn. Ìgbà tí ọmọ bá ń sùn ni wọ́n wá ń mu tiwọn. Ó sunkún ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ó gbàgbé.

Dókítà kọ oògùn olómi tó ní irin nínú fún un. (Ẹ bá mi fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọ ò tó. Bí ọmọ bá dá igo rẹ̀ mu, ó lè pa á.) Wọ́n ní kí n máa fún un ní ọsàn pẹ̀lú oúnjẹ, nítorí fítámì C inú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ara gba irin wọlé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó tún ń jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán, yẹ̀pẹ̀ ò sì wù ú mọ́.

Bàbá Ọmọkùnrin

Ìyá ọlọ́mọ méjì, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú àfojúsí. Tilé tiwa ò kan ẹ̀jẹ̀, oorun ló kàn. Ọmọkùnrin wa ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́rin, ó wá di pé aago mọ́kànlá alẹ́ á lù, ojú rẹ̀ á ṣì là kedere. Á gun àga, á bọ́ sílẹ̀, á sunkún lórí ohun tí kò tó nǹkan. Bílẹ̀ bá mọ́, jíjí ni kò ní jí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn, ohun tó ti fi sílẹ̀ tipẹ́. Àwọn kan ní ìwà ni, ká nà án. Ìyàwó mi ní rárá, ó ní ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń wọ ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ la ti rí i pé àbúrò mi máa ń po ife tíì kan fún un nírọ̀lẹ́ tí wọ́n bá jọ ti ibi eré dé, ife àgbà tó kún.

Kaféènì inú tíì ló wà nídìí ẹ̀. Ife tíì pupa kan lè ní tó mílígíráàmù 40 sí 50, ti aláwọ̀ ewé máa ń dín díẹ̀ sí i. Ní ọdún 2015, àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, EFSA, fi òdiwọ̀n sí mílígíráàmù 3 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá wọ̀n, lójúmọ́. Ọmọ wa wọ̀n tó kìlógíráàmù 15. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: 45 ni. Iye yìí kan náà ni iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Kánádà ní kí ọmọ ọdún 4 sí 6 má ṣe kọjá. Ife kan ṣoṣo yẹn ti gba gbogbo ẹ̀ tán, a ò tíì ka ṣokoléètì mọ́ ọn. Lára àgbà pàápàá, ó máa ń tó nǹkan bíi wákàtí 5 kí ìdajì kaféènì tó kúrò lára. Ọmọ tó bá mu ún ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ló máa fi sùn ní aago mẹ́sàn-án? Kaféènì sì tún máa ń mú kéèyàn tọ̀ léraléra, ẹ̀yin náà rí ibi tí ọ̀rọ̀ ibùsùn ti wọlé.

A ò na ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi gbọ́, ó sì dùn ún. Omi ló ń fún un báyìí tí wọ́n bá ti ibi eré dé. Oorun rẹ̀ padà sípò, ibùsùn gbẹ. Inú mi máa ń bà jẹ́ tí mo bá rántí àwọn ọmọ tí wọ́n ti nà nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Nọ́ọ̀sì ẹ̀ka àwọn ọmọdé

Òótọ́ lẹ̀yin méjèèjì sọ. Àmọ́ èyí tí mo máa ń rí jù lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe tíì tí ọmọ mu, èyí tó dà sí i lára ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di nǹkan mú dìde máa ń fa aṣọ orí tábìlì, ife á tẹ̀ lé e. Ojú, ọrùn àti àyà ló sábà máa ń dà sí, nítorí òkè ni ife ti ń bọ̀. Tíì tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ṣì lè bó awọ ọmọdé, torí awọ wọn fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ. Ẹ má gbé ọmọ sẹ́sẹ̀ kí ẹ sì máa mu tíì gbígbóná lé e lórí. Ẹ ti ife wọ àárín tábìlì, ẹ ká aṣọ orí rẹ̀ kúrò.

Bó bá dà á lára, ẹ bọ́ aṣọ tó ti rin, àyàfi èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ. Ẹ gbé ibẹ̀ sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20. Mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú 20 á gùn gan-an pẹ̀lú igbe ọmọ létí, ẹ fara dà á. Ẹ má fi yìnyín sí i, ẹ má fi òróró, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á. Ẹ fi aṣọ bo ibi tó kù lára ọmọ kí òtútù má bàa mú un, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ìyá Ìkókó

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ oṣù méjì ni tèmi, inú máa ń run ún lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n máa fún un ní tíì ewéko díẹ̀, pé kò ní kaféènì, kí n sì fi oyin sí i. Ṣé kò séwu?

Nọ́ọ̀sì ẹ̀ka àwọn ọmọdé

Àbúrò mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmú nìkan ló tó ọmọ títí á fi pé oṣù 6, omi lásán pàápàá kò tíì yẹ. Kòkòrò tó wà nínú oyin nígbà míì lè mú kí ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan rọ, kó má lágbára mọ́, débi pé mímí á nira fún un, nítorí náà oyin gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tó bá pé ọdún kan. Ti ewéko náà ò sì tura: ní ọdún 2003, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ lórí tíì star anise, èso olóòórùn kan tó rí bí ìràwọ̀, tí àwọn òbí ń fún ọmọ tí inú ń run, nítorí ó ti fa gìrì fún àwọn ọmọ kan. Ẹ gbé e nàró lẹ́yìn ọmú kí ó lè gùnfẹ̀, ẹ fọwọ́ ra ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ó bá ń bì, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí ó kọ ọmú, ẹ má dúró, ẹ gbé e wá.

Bàbá Ọmọkùnrin

Màmá tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọmọ wo lẹ wá gbà pé ó lè mu ún? Ẹ ní ọmọ méjì.

Ìyá ọlọ́mọ méjì

Èrò tèmi ni pé ọmọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé ò gbọ́dọ̀ mu ún rárá. Omi àti mílíìkì tó o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti pé ọdún 11, ó sì máa ń mu ún nígbà míì. Ìdajì ife ni, mo máa ń tètè yọ báàgì tíì kúrò kó má bàa dúdú jù. Wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ ni mo máa ń fún un, mi kì í sì í fún un mọ́ tí ọ̀sán bá ti pọ́n. Ti ṣúgà, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2016 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má gba ṣúgà àfikún rárá, kí ti ọmọ ọdún 2 sí 18 má sì tó gíráàmù 25 lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí kékeré 6. Èyí tó ń wọlé nínú bísíkíìtì àti mínírà ti pọ̀ tó, nítorí náà mi ò fi ṣúgà sí tíì tirẹ̀. Ó ráhùn níbẹ̀rẹ̀. Kò ráhùn mọ́.