"Thou" kì í ṣe "ẹ̀yin"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àkókò yìí. Ẹnì kan dá a lábàá pé kí àwa tó ń túmọ̀ ìtàn àròsọ Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì máa fi thou dípò "ẹ" tí ọmọdé fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Àbá yẹn kò wọ̀ mí létí. Mo mọ ibi tó ti wá: inú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ni ọ̀pọ̀ wa ti pàdé thou, ó sì máa ń wà nínú àdúrà, ló bá ń dún bí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀.

"Ìwọ" gan-an ni thou. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó fún. Ye àti you ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tó yá ni wọ́n sọ ti ọ̀pọ̀ di ti ẹni ńlá, bíi tiwa gẹ́lẹ́, thou wá kù fún ọmọdé, ìránṣẹ́, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ àti Ọlọ́run. Nínú Àdúrà Olúwa lédè tiwa, "orúkọ rẹ" là ń bọ̀wọ̀ fún, kì í ṣe "orúkọ yín". Ta ló máa sọ pé a rí Ọlọ́run fín níbẹ̀?

Ẹni tí kò bá gbà, kó wo ẹjọ́ Walter Raleigh, ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn, ní Winchester lọ́dún 1603. Edward Coke, agbẹjọ́rò ọba, sọ thou di ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́ ọn lójú: òun ń pè é ní ìwọ, ìwọ ọ̀dàlẹ̀! Èébú gbáà ni. Nígbà tó ṣe, George Fox àti àwọn Quaker rẹ̀, ìyẹn ìjọ Kristẹni kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń pe gbogbo èèyàn ní thou, títí kan adájọ́, ojú wọn sì rí màbo. (Ará Èkìtì á rẹ́rìn-ín; nínú ẹ̀ka èdè tiwọn, ìwọ kì í ṣe àrífín sí àgbà.)

Nítorí náà, bí ọmọ bá ní "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?", tí a wá fi thou túmọ̀ rẹ̀, a ti sọ ọmọ tó mọ̀wà hù di aláfojúdi. Ye ì bá sún mọ́ ọn, àmọ́ ó ti gbó jù. Kí a lo you, kí ọ̀wọ̀ hàn nínú "bàbá" àti ìkúnlẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ Yorùbá tí àwa atúmọ̀ ń wá fún ohun tí Coke ṣe yẹn, ìyẹn pípe èèyàn ní ìwọ, "ìpèníwọ" ni mo fara mọ́. "Ìfìwọbánisọ̀rọ̀" ti gùn jù. Àwọn kan ní ẹlòmíì á ka "íwọ" inú "ìpèníwọ" sí ìwọ̀ apẹja. Ẹ fi àmì ohùn sí i.