Eré ìmárale líle fún ọmọdé: kí ló yẹ kí n bèèrè kí n tó forúkọ wọn sílẹ̀?

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Houston

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Jíìmù CrossFit kan (eré líle tó pa irin gbígbé, eré sísá àti fífò pọ̀) ní àdúgbò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kíláàsì fún àwọn ọmọdé àti àwọn ọ̀dọ́, àwọn ọmọ mi méjèèjì sì ń bẹ̀ mí pé kí n forúkọ wọn sílẹ̀. Obìnrin ni àgbà, ẹni ọdún 15. Ọkùnrin ni àbúrò, ẹni ọdún 11. Inú mi dùn pé wọ́n fẹ́ fi fóònù sílẹ̀ kí wọ́n lo ara wọn, nítorí náà n kò fẹ́ kọ̀ fún wọn láìrò ó dáadáa.

Mo lọ wo kíláàsì náà ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n kọ iṣẹ́ ọjọ́ náà sára pátákó: kí wọ́n lóṣòó nígbà 15, kí wọ́n ṣe burpee 10 (kí ènìyàn dọ̀bálẹ̀, kí ó dìde, kí ó sì fò sókè), kí wọ́n sáré yí ilé náà ká, kí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ìṣẹ́jú 12 yóò fi pé, kí a lè mọ ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó pẹ́ dé yóò kọ́kọ́ ṣe burpee 20 gẹ́gẹ́ bí ìyà. Nígbà tí aago ń lọ sópin, mo rí ọmọkùnrin kékeré kan tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń kan ara wọn bí ó ti ń dìde, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, síbẹ̀ ariwo "má dúró" ni kóòṣì ń pa mọ́ ọn. Ìyá mi ní Ìbàdàn ní gbígbé irin kì í jẹ́ kí ọmọdé ga. Ọkọ mi ní àhesọ lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó tọ̀nà nínú wọn, kí sì ni kí n bèèrè lọ́wọ́ àwọn onílé eré yìí?

Kóòṣì Àwọn Ọ̀dọ́, Atlanta

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ọkọ yín ni ó tọ̀nà lórí ọ̀rọ̀ gíga, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ìyá wa náà ní orírun. Kerekere kan wà ní ìpẹ̀kun àwọn eegun gígùn ọmọdé. Ibẹ̀ ni eegun ti ń gùn sí i, títí ìbàlágà yóò fi parí tí kerekere náà yóò sì di eegun líle. Ó lè fara pa bí ẹrù tó wúwo jù bá já lu ọmọ, tàbí bí ó bá gbé e lọ́nà òdì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé irin gbígbé tí a fara balẹ̀ kọ́ ọmọ, tí àgbà tó mọṣẹ́ sì dúró tì í, ń dí gíga rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, fọwọ́ sí irú eré bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2020. Ní ọdún kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àwọn ọmọ láti ọdún 5 sí 17 máa lo ara wọn fún ìpíndọ́gba 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, kí eré líle àti èyí tí ń fún iṣan àti eegun lókun sì wà nínú rẹ̀, ó kéré tán, ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe líle eré náà ni ó burú nínú ohun tí ẹ rí. Ohun tó burú ni pé wọ́n fi aago ṣe olórí kíláàsì. Ìlànà tí CrossFit fúnra rẹ̀ fi ń kọ́ni ni pé kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ bí a ti ń ṣe nǹkan, kí ó lè máa ṣe é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, lẹ́yìn náà ni kí ó tó fi kíkankíkan kún un. Ọmọ tí ẹ rí yẹn kò tíì dé ìpele kejì tí wọ́n fi gbé e sí ìkẹta. Lọ́dọ̀ tèmi, páìpù PVC lásán ni ọmọ ọdún 11 ń gbé sókè fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó fọwọ́ kan irin. Bí ó bá lóṣòó, mo ń wò ó bóyá gìgísẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀, bóyá orúnkún rẹ̀ kọjú sí ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí, bóyá àyà rẹ̀ ṣì wà lókè. Bí orúnkún bá ti wọnú, mo dá a dúró kí ó mí, mo sì dín iye tí yóò ṣe kù. Bí kò bá tún tọ́, iṣẹ́ ọjọ́ náà parí fún un nìyẹn, ì báà ku ìṣẹ́jú márùn-ún lórí aago. Ọmọ tí kò tíì bàlágà kì í ní okun nípa pé iṣan rẹ̀ wú. Ọpọlọ rẹ̀ ni ó ń kọ́ bí yóò ti pe iṣan ṣiṣẹ́, ohun tí a bá sì fi kọ́ ọ ní àkókò yìí ni yóò dì mú. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìdúró fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọdún 15 yàtọ̀, òun lè máa gbé irin gidi bí ó bá ti mọ̀ ọ́n gbé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí fídíò tí ó ń wò. Ní ọdún 2015 ni CrossFit Games, ìdíje ńlá CrossFit, kọ́kọ́ ní ìpele fún àwọn ọ̀dọ́ ọdún 14 sí 17, àwọn ọmọ wa sì ń rí ẹrù tí àwọn wọ̀nyẹn ń gbé láìrí ọdún tí wọ́n ti fi kọ́ ọ.

Bí àyè ìbéèrè kan ṣoṣo bá wà, ẹ bi kóòṣì náà pé: kí ni ó ń ṣe bí ìdúró ọmọ bá bàjẹ́ kí aago tó dún? Bí ó bá ní òun a máa gbà á níyànjú kí ó parí rẹ̀, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí ibòmíràn.

Nọ́ọ̀sì, London

Mo fara mọ́ ohun tí kóòṣì sọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí òbí tó jẹ́ Yorùbá kọ́kọ́ dáhùn: kí ni jẹ́nótáìpù àwọn ọmọ náà? A máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìkan ni. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó jẹ́ AS. AS kì í ṣe àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ọ̀pọ̀ wọn yóò sì gbó, yóò tọ́ láìmọ ìyàtọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi gbogbo agbára ṣe eré láìsinmi, pàápàá nínú ooru tí omi sì ti gbẹ lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè yí padà kí iṣan sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ní Houston tí ẹ wà níbẹ̀ gan-an, ọmọ ọdún 19 kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Yunifásítì Rice, Dale Lloyd II, ṣubú lulẹ̀ níbi ìdánrawò ní ọdún 2006, ó sì kú; AS ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2010 sí í béèrè àyẹ̀wò yìí lọ́wọ́ àwọn eléré ní ìpele tó ga jù.

Ẹ jẹ́ kí kóòṣì mọ àmì rẹ̀. Kò dà bíi pajápajá tí iṣan máa ń le gbagidi tí ọmọ yóò sì máa ké. Ẹsẹ̀ ni yóò kàn kọ̀ láti gbé e, tí yóò rọra wólẹ̀, tí ó sì lè ṣì máa sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò pè é ní ọ̀lẹ. Kí eré dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n mú un lọ sí ibi tó tutù, kí wọ́n sì pe 911. Bákan náà, yálà AS ni ọmọ tàbí AA, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá di àwọ̀ kóòkì lẹ́yìn eré líle, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Houston

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbàdàn ni mo bí àwọn méjèèjì sí, a kò sì ṣe àyẹ̀wò náà fún wọn. AS ni èmi, AA ni bàbá wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ AS, ṣé kò lè ṣe eré yìí mọ́ nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì, London

Rárá o, mà. Ìdajì ìdajì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan yín, AA tàbí AS, kò sì sí eré tí AS kò lè ṣe. Bí yóò ti ṣe é ni ó yàtọ̀: kí ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó lè sinmi nígbàkígbà tí ara rẹ̀ bá ní kó sinmi, kí omi wà nítòsí, kí ó má sì ṣe é rárá ní ọjọ́ tí ibà bá wà lára rẹ̀. Ooru Houston ní oṣù Keje àti Kẹjọ kì í ṣe ohun tí ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ eré tuntun nínú rẹ̀ lójijì. Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí ẹ óò fi lélẹ̀, kí ẹ sì tún sọ ọ́ lẹ́nu.

Olùkọ́ Eré Ìdárayá, Ìbàdàn

Mo rí i pé kò sí ẹni tó mẹ́nu kan burpee 20 tí wọ́n fi ń jẹ ẹni tó pẹ́ dé níyà. Gbogbo àwa tí a lọ sí ilé ìwé nílé ni a mọ frog jump tí wọ́n ń fún ọmọ lójú gbogbo kíláàsì, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì ti ibẹ̀ kórìíra eré ìmárale títí dọjọ́ òní. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò tíì gbóná ni wọ́n ń sáré lé síbi iṣẹ́ tó le jù, a sì ti gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ nípa ẹni tí kò láǹfààní láti sinmi. Mo rọ̀ yín kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò gbà á.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà sì wà. Àwọn ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ máa ń fẹ́ ṣe eré líle kí wọ́n sì dín oúnjẹ kù lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè tẹ́ẹ́rẹ́, oúnjẹ tí kò tó iṣẹ́ tí ara ń ṣe sì ń mú kí nǹkan oṣù dúró, kí eegun má sì le tó bó ti yẹ. Ẹ jẹ́ kí ó jẹun dáadáa kí ó tó lọ àti nígbà tó bá dé: ẹyin, mọ́ín-mọ́ín, ìrẹsì òun ẹ̀wà, ohun tí ẹ ń sè nílé ti tó. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀, ẹ mú un lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ iye ìgbà tí ó ń ṣe eré náà lọ́sẹ̀, nítorí dókítà lè má rántí bèèrè.