Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni kí n kọ nípa Màmá wa?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àsìkò yìí o. Màmá wa jáde láyé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn nílé wa ní Òṣogbo. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe là á sílẹ̀, a sì ti ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ti ogójì ọjọ́ ló kù. Ibẹ̀ la ti fẹ́ pín ìwé pẹlẹbẹ kan tí ìtàn ayé wọn máa wà nínú rẹ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ ọ́. Látìgbà náà ni oorun ò ti kun ojú mi mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí Màmá sílẹ̀. Bùọ̀dá wa àgbà ní ká kọ ọdún 95, pé ó máa gbayì lórí pósítà. Èmi ò gbà. Ohun tí Màmá máa ń sọ ni pé nígbà tí Ọba Adénlé gorí oyè Àtáọ́ja, àwọn ti ń pọn àbúrò àwọn lọ sódò. Bùọ̀dá ní ìyẹn kì í ṣe ọjọ́ ìbí.

Èyí tó dùn mí jù ni ìlà kan ṣoṣo tí Bùọ̀dá kọ ránṣẹ́ sí mi: "Ìyàwó ilé ni wọ́n, wọ́n sì tọ́ ọmọ mẹ́fà." Wọ́n ní kí ni mo tún fẹ́ fi kún un, ṣé Màmá ṣiṣẹ́ ìjọba ni, àbí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù?

Lóòótọ́, wọn ò ṣe é. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá wa. Bí wọ́n bá ti bá rélùwéè lọ, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kí a tó fojú kàn wọ́n, Màmá nìkan ló kù pẹ̀lú wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti máa ń gbọ́ ìró ọlọ wọn. Mo rí ọlọ náà lánàá lẹ́bàá ògiri ilé ìdáná. Àárín rẹ̀ ti jẹ wọnú débi pé bí òjò bá rọ̀, omi á dúró síbẹ̀ bí ẹni pé inú abọ́ ló wà, adìẹ á sì máa mu ún. Ọwọ́ èèyàn kan ṣoṣo ló gbẹ́ òkúta yẹn bẹ́ẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ irú èyí sínú ìwé? Àbí Bùọ̀dá ló tọ̀nà?

Ìyá Ìbejì, Òkè Fíà:
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, ọmọ ìyá mi. Ọlọ́run á fi Alùjánnà kẹ́ Màmá, ẹ̀yin náà ò ní fọmọ ṣáájú. Ẹ ya fọ́tò ọlọ yẹn sínú ìwé náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e sọnù.

Tíṣà Àgbà:
Ọ̀rọ̀ ńlá ni Màmá sọ nípa Ọba Adénlé, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ọdún 1944 ni Adénlé Kìíní jẹ Àtáọ́ja. Ọmọ tó bá ti ń pọn àbúrò rẹ̀ lọ sódò, á tó ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1944, ẹ máa bá ara yín ní 1936 tàbí 1937. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń ka ọjọ́ nìyẹn: ọdún tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà (1956), ọdún òmìnira (1960), ọdún tí wọ́n pa pọ́n-ùn tì, tí náírà dé (1973). Ẹ wá àwọn tí wọ́n jọ ṣe ọmọge, kí ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún wo ni wọ́n bí Bùọ̀dá yín?

"Nǹkan bí ọdún 1936" ni kí ẹ kọ. Kò sí àbùkù kankan nínú "nǹkan bí".

Ẹni tó béèrè:
Bàbá, ẹ ṣeun. 1957 ni wọ́n bí Bùọ̀dá, ó wà nínú ìwé. Màmá sì máa ń sọ pé ọdún tí Ọbabìnrin wá ni àwọn wọlé ọkọ. Mi ò ronú kàn án rí láti so ó pọ̀.

Tíṣà Àgbà:
Ó ti bára mu nìyẹn. Ọmọge ogún ọdún ló relé ọkọ.

Ọmọ Òròkí:
Èmi máa gbè lẹ́yìn Bùọ̀dá díẹ̀. Ẹ má bá ẹ̀gbọ́n yín jà lórí òkú. Àkọ́bí tó tètè kúrò nílé lọ kàwé, kò gbọ́ ìró ọlọ yẹn pẹ́ tó yín. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni ò tíì yọ lẹ́nu wọn. Ẹ ní kí ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sọ ohun kan tí ọwọ́ Màmá ṣe fún wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ bí oníkálùkù ṣe sọ ọ́.

Ọmọ Aláró:
Ṣé ilé aláró kọ́ ni wọ́n ti bí Màmá? Ìlú aró là ń pe Òṣogbo. Ẹ tún béèrè oríkì wọn lọ́wọ́ àwọn obìnrin ilé, nítorí ó ń bá wọn lọ ni tí a kò bá tètè gbà á.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó yẹ. Aláró ni ìyá tó bí Màmá, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Màmá máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń gún ewé èlú, tí wọ́n á ṣù ú, tí wọ́n á sá a gbẹ, tí wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ púpọ̀. Wọ́n ní bí aṣọ bá jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á wá di aró lójú ẹni. Wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé ọkọ. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan ṣoṣo ló kù nínú àpótí wọn, ó ṣì ń rùn kàfúrà. Mi ò tiẹ̀ rò pé ó yẹ kí n kọ ìyẹn!

Ọmọ Aláró:
Ẹ kọ ọ́ o. Ẹ wọ aṣọ yẹn lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ̀yin ará, mo pe Bùọ̀dá lálẹ́ àná, mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ fún wọn. Wọn ò fọhùn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ṣé o mọ̀ pé nígbà ọyẹ́, Màmá kì í jẹ́ kí n wọ aṣọ ilé ìwé tútù? Wọ́n á ti fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ kí n tó jí. Gbígbóná ni wọ́n máa ń gbé e wọ̀ mí." Ohùn wọn yí padà. Wọ́n ní kí n kọ ìyẹn, kí n sì pa ọdún 95 rẹ́.

Lọ́la ni mò ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ gba oríkì. Ìyá àgbà méjì ló kù tí wọ́n jọ ṣe ọmọge. Mo ti gba iná sórí fóònù mi láti gba ohùn wọn sílẹ̀.